Ta Ni Ẹran Inú Ọbẹ̀ Tọ́ Sí?

Láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ, láti ẹsẹ̀ òkè Mápó dé Bẹ́yẹrúnká nílùú Ìbàdàn, kò sí ẹni tí a ó máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ àbùlà. Olóúnjẹ á bu ọkà gbígbóná sínú abọ́, á da gbẹ̀gìrì sí i, ewédú á tẹ̀ lé e, ata á bọ́ sórí méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni á ṣí ìkòkò ẹran, tí á sì béèrè pé: "Ẹran èló?" Ìbéèrè yẹn ni gbogbo ojú máa ń yí sí. Ṣàkì, ẹ̀dọ̀, abọ́dì, bọ́kọ́tọ̀, pọ̀nmọ́: ibẹ̀ ni owó ń bá lọ, ibẹ̀ ni a sì ti ń mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀. Gbẹ̀gìrì tí wọ́n dà sí i láìgba kọ́bọ̀ lé e, kò sẹ́ni tó ń bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ní òkè òkun, abọ́ oúnjẹ ti di pápá ìjà. Ní ọdún 1992, iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ìjọba Amẹ́ríkà gbé àwòrán kan jáde tó fẹ̀ nísàlẹ̀, tó sì ṣe ṣóńṣó lókè. Búrẹ́dì, ìrẹsì, màkàróní àti àwọn oúnjẹ oníhóró yòókù ni wọ́n tò sí ìsàlẹ̀ tó fẹ̀ jù, wọ́n ní kí èèyàn jẹ ìwọ̀n 6 sí 11 lára wọn lójúmọ́. Ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà wà lápá òkè níbi tó ti há. Nígbà tó di 2011, wọ́n ti pa àwòrán yìí tì, àwòrán abọ́ ni wọ́n gbé jáde. Nínú ìlànà tí wọ́n ṣe fún 2015 sí 2020, wọ́n mú gbèdéke tí wọ́n ti fi lé kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù inú oúnjẹ kúrò, gbèdéke tó ti mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn máa sá fún ẹyin láti ọjọ́ pípẹ́. Ní báyìí, àwọn kan ń wàásù pé ẹran, ẹyin àti bọ́tà nìkan ni oúnjẹ gidi, pé oníhóró ló ń fa àtọ̀gbẹ àti ìsanrajù. Àwọn mìíràn dìde ní òdìkejì, wọ́n ní kí a má fẹnu kan ohun ẹlẹ́mìí rárá.

Ìwàásù méjèèjì ti dé Ìbàdàn lórí fóònù. Ìyá tó ń jẹ ẹran lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ń gbọ́ pé ẹran pupa ń fa jẹjẹrẹ. Alágbàṣe tó ń ru búlọ́ọ̀kù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ń gbọ́ pé kó fi ọkà sílẹ̀. Mo ka ìmọ̀ràn méjèèjì sí ohun tó lè ṣe wá ní jàǹbá, nítorí pé abọ́ tí àwọn tó ń sọ ọ́ ń wò kì í ṣe abọ́ wa.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ìtàn tí ọmọ Ìbàdàn ń gbọ́ láti kékeré ni pé nígbà tí ogun tú ìlú tí Lágelú kọ́kọ́ tẹ̀ dó, òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ sá gun orí òkè. Èso òrò àti ìgbín ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀, ìkarahun ìgbín náà ni wọ́n sì fi ń mu ẹ̀kọ. Oríkì ìlú kò jẹ́ ká gbàgbé rẹ̀ títí dòní. Ẹ tún oúnjẹ yẹn wò: èso igi, ohun oníhóró, àti ẹran tí kò náni ju kí a bẹ̀rẹ̀ mú un nílẹ̀ lọ. Ìgbín ní purotéènì, ó sì ní èròjà irin tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Àwọn tí ogun kó gbogbo nǹkan wọn lọ, ẹran kò kúrò lẹ́nu wọn.

Purotéènì tí ara fi ń kọ́ ẹran-ara, ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Àwọn èròjà tó ń jẹ́ amínò ásíìdì ló para pọ̀ di í. 20 ni wọ́n, ara wa sì lè fúnra rẹ̀ ṣe àwọn kan, ṣùgbọ́n 9 nínú wọn gbọ́dọ̀ ti inú oúnjẹ wá dandan. Ara dà bí ahunṣọ òfì: bí ó bá ní òwú funfun tó kún yàrá, tí òwú pupa tó yẹ kó wọ inú ọnà náà bá tán, ibẹ̀ ni aṣọ máa dúró sí. Òwú funfun tó kù kò lè gbà á sílẹ̀. Àgbàdo kò ní lysine tó, tryptophan rẹ̀ náà kéré. Ẹ̀wà ní lysine rẹpẹtẹ, àmọ́ methionine rẹ̀ kò tó, èyí tí àgbàdo sì ní. Ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà ní mẹ́sẹ̀ẹ̀sán pé pérépéré.

Nítorí náà, ẹni tó jẹ ẹ̀kọ pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín láàárọ̀ ní Bẹẹrẹ, ẹni tó jẹ àdàlù, ẹni tó fi àkàrà mu ògì, gbogbo wọn ti ṣe ohun tí onímọ̀ oúnjẹ ì bá ní kí wọ́n ṣe. Àwọn ìyá wa fi ojú rí i, wọ́n fi ara mọ̀ ọ́n, kó tó di pé ẹnikẹ́ni sọ amínò ásíìdì lórúkọ. Iṣẹ́ tí gbẹ̀gìrì náà ń ṣe lórí ọkà nìyẹn. Ẹ̀wà ni gbẹ̀gìrì. Bí a bá wọn ẹ̀wà gbígbẹ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ tó jẹ́ purotéènì, nígbà tí ti inú èlùbọ́ kéré gan-an. Ohun tó ń dùn mí ni pé ní ọ̀pọ̀ ibi lónìí, omi ti pọ̀ jù nínú gbẹ̀gìrì. Ẹni tó bá ń ra àbùlà, kó wo bí gbẹ̀gìrì ṣe ki tó kó tó ka ẹran.

Ọmọ ọwọ́ kì í jẹ àbùlà. Ògì la fi ń já a lẹ́nu ọmú. A máa rẹ àgbàdo fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, a máa lọ̀ ọ́, a máa sẹ́ ẹ. Kíkan tó kan yẹn dára: ó ń dín ohun kan tó ń jẹ́ phytate kù, èyí tó máa ń di èròjà irin àti zinc mú tí ara kò fi ní rí wọn lò. Sísẹ́ ni mo ní ọ̀rọ̀ sọ sí. Èèpo àgbàdo àti ojú hóró rẹ̀, níbi tí ọ̀rá àti purotéènì rẹ̀ tó dára jù wà, la ń kó sọ́tọ̀ ní eèrí. Ewúrẹ́ ló ń jẹ eèrí, ọmọ ló ń mu èyí tó kù.

Ní 1933, dókítà obìnrin kan tó jẹ́ ọmọ bíbí Jàmáíkà, Cicely Williams, tó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, ìyẹn Gánà òde òní, kọ̀wé nípa àìsàn kan tó ń rí lára àwọn ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú nítorí àbúrò, tí wọ́n wá ń fi oúnjẹ àgbàdo bọ́. Ẹsẹ̀ wọn ń wú, irun wọn ń pọ́n, awọ ara wọn ń ṣí. Ní 1935 ló fi orúkọ tí àwọn Gá ń pè é, kwashiorkor, sínú ìwé ìṣègùn. Lónìí, àwọn onímọ̀ gbà pé àìtó purotéènì nìkan kọ́ ló ń fà á, pé àkóràn àti àwọn nǹkan mìíràn lọ́wọ́ sí i. Síbẹ̀ ohun tó rí nínú abọ́ àwọn ọmọ náà kò yí padà. Ní ìlú Ìmèsí-Ilé, láti 1957, dókítà kan, David Morley, bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa ìdàgbàsókè àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ bákan náà. Látinú iṣẹ́ rẹ̀ ni káàdì tí wọ́n fi ń sàmì sí ìwọ̀n ọmọ ní ilé ìwòsàn ti jáde. Ìyá tó bá mú káàdì yẹn lọ́wọ́ lónìí, ilẹ̀ wa níbí ni ìmọ̀ náà ti ta gbòǹgbò.

Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́ mi ní ìrònú lórí ọ̀rọ̀ yìí jù ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Ọ̀ṣuntókun ti ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ dúró ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Láàárín 1960 sí 1970, ó ń ṣàyẹ̀wò àwọn èèyàn, pàápàá ní agbègbè Ẹ̀pẹ́, tí ẹsẹ̀ wọn ń kú, tí ojú wọn ń ṣókùnkùn, tí etí wọn ń di, tí wọn kò lè rìn gúnrégé mọ́. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Ẹ̀gẹ́ ní oró sáyánáìdì nínú. Bí a kò bá rẹ ẹ́ tó, tí a kò sì fún un tó, díẹ̀ á ṣẹ́ kù. Ara ní ọ̀nà tó ń gbà pa oró náà, àmọ́ amínò ásíìdì tó ní imí ọjọ́ nínú ló fi ń pa á, irú èyí tó wà nínú ẹyin, ẹja àti ẹran. Àlàyé Ọ̀ṣuntókun ni pé oró inú ẹ̀gẹ́ àti ọbẹ̀ tí kò ní nǹkan nínú ló pàdé lára àwọn èèyàn wọ̀nyí. Àwọn onímọ̀ tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ti jiyàn lórí bóyá ẹ̀gẹ́ ló jẹ̀bi ní ti Ẹ̀pẹ́. Ṣùgbọ́n ní àríwá Mòsáńbíìkì ní 1981, ọ̀dá lé àwọn èèyàn dé ìdí ẹ̀gẹ́ kíkorò, wọn kò sì ní sùúrù àti rẹ ẹ́ pẹ́ tó. Ẹsẹ̀ àwọn èèyàn tó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ gan lójijì, obìnrin àti ọmọdé ló pọ̀ jù nínú wọn. Irú àìsàn yìí, tí wọ́n ń pè ní konzo ní Kóńgò, ṣì ń jà níbi tí ẹ̀gẹ́ bá ti di oúnjẹ kan ṣoṣo.

Ọ̀ṣuntókun yìí kan náà ló tún wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó gbé orúkọ Ìbàdàn àtijọ́ kárí ayé. Ní 1992, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ti Yunifásítì Indiana, tí Hugh Hendrie ṣíwájú, bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ojúlé dé ojúlé ní Ìdíkàn, wọ́n ń wo àwọn tó ti pé ọmọ ọdún 65 sókè. Wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Ohun tí wọ́n ń wá ni ibi tí àwọn àgbà ti ń ṣarán jù. Ọ̀ṣuntókun kú ní 1995. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló bá iṣẹ́ náà lọ. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 fi hàn pé lọ́dọọdún, ìdá 3.24 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àgbà Indianapolis ni àìsàn náà ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn. Ti Ìdíkàn jẹ́ 1.35. Kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ náà kéré lára àwọn ará Ìdíkàn.

N kò ní torí èyí sọ pé ọkà àti ewédú ló dá iyè wọn sí. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn, agboolé wọn kún fún ọmọ àti ọmọ-ọmọ, àwọn onímọ̀ náà sì rí i pé ohun àjogúnbá kan, APOE ε4, tó máa ń mú kí ewu àìsàn náà pọ̀ sí i láàárín àwọn ẹ̀yà mìíràn, kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára láàárín Yorùbá. Àmọ́ ẹni tó bá ní oúnjẹ tí ọkà, ẹ̀kọ àti ewébẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ ló ń ba ọpọlọ arúgbó jẹ́, kó kọ́kọ́ wá dá Ìdíkàn lóhùn.

Ohun tó wà nínú irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ tó ń ṣe ara lóore, ìwádìí kan ti fi hàn kedere. Ní 2015, Stephen O'Keefe ti Yunifásítì Pittsburgh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì iṣẹ́ kan jáde níbi tí wọ́n ti pààrọ̀ abọ́ fún àwọn èèyàn. Aláwọ̀ dúdú 20 ní Amẹ́ríkà jẹ oúnjẹ abúlé Gúúsù Áfíríkà, àgbàdo, ẹ̀wà àti ewébẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ará abúlé 20 ní Gúúsù Áfíríkà jẹ sọ́séèjì, bọ́gà àti ànàmọ́ díndín fún iye ọjọ́ kan náà. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ìfun àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń rọlẹ̀, tàwọn ará abúlé sì ti ń fi àmì jàǹbá hàn. Fáíbà, apá oúnjẹ tí ikùn wa kò lè dà, wà lára ohun tó ṣe iṣẹ́ náà: àwọn kòkòrò tíntìntín inú ìfun ló ń jẹ ẹ́, wọ́n sì ń sọ ọ́ di butyrate, èròjà tó ń dáàbò bo ìfun. Lọ́dún yẹn kan náà ni ìgbìmọ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń rí sí jẹjẹrẹ kéde pé sọ́séèjì, bekin àti irú ẹran bẹ́ẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ ìfun. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí ẹran pupa náà máa fà á, àmọ́ ẹ̀rí tirẹ̀ kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ìgbín àti ẹja kọ́ ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ẹ sì kíyè sí i pé búrẹ́dì funfun àti bisikíìtì, oníhóró tí wọ́n ti bó láṣọ ni wọ́n. Ire tí fáíbà ń ṣe kò sí nínú wọn.

Àwọn tó gbára lé ohun ẹran jù ńkọ́? Ní 2001, Robert Glew àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa Fúlàní darandaran ní àríwá Nàìjíríà. Nǹkan bí ìdajì agbára tí wọ́n ń rí nínú oúnjẹ ló ń wá láti inú ọ̀rá, síbẹ̀ kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù wọn kò ga. Wọ́n ń rìn púpọ̀, oúnjẹ wọn lápapọ̀ kò sì pọ̀. Ní Kẹ́ńyà, John Boyd Orr àti John Gilks ti fi àwọn Maasai, tó ń mu wàrà àti ẹ̀jẹ̀, tó sì ń jẹ ẹran, wé àwọn Kikuyu tó ń jẹ oníhóró, iṣu àti ẹ̀wà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1931. Ọkùnrin Maasai ga ju ti Kikuyu lọ ní ínǹṣì 5, wọ́n sì wúwo jù wọ́n lọ ní pọ́n-ùn 23. Ẹ̀jẹ̀ kò tó lára ọ̀pọ̀ Kikuyu, egungun àwọn kan sì wọ́. Ṣùgbọ́n inú kíkún àti oríkèé ríro ló ń bá àwọn Maasai jà. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ohun tí abọ́ rẹ̀ kò fún un.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí jù ni mo fẹ́ bọ́ sí báyìí. Nínú ilé wa, ẹran tó wà nínú ìkòkò kò ṣe mí ní kàyéfì tó ẹni tó ń jẹ ẹ́. Baálé ló ń gba èyí tó tóbi, àgbà tẹ̀ lé e, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún méjì, tí egungun àti ọpọlọ rẹ̀ ń dàgbà lọ́wọ́, ọkà tí wọ́n fi omi ọbẹ̀ rẹ ni wọ́n á fún un. Bó bá nawọ́ sí ẹran, wọ́n á ní ọ̀kánjúwà ti ń wọ̀ ọ́ lẹ́wù. Bó bá fẹ́ ẹyin, wọ́n á ní ẹyin ń sọ ọmọ di olè. Aboyún pàápàá, àwọn kan á ní kó má jẹ ìgbín kí ọmọ rẹ̀ má baà máa da itọ́. Ìlú tí ìgbín gbà là lọ́jọ́ ogun ló ń ka ìgbín léèwọ̀ fún obìnrin tó ń fi ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ mọ ọmọ! Mo bọ̀wọ̀ fún àṣà, mo sì ń dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, ṣùgbọ́n mi ò lè gba èyí.

Ní Embu, ní Kẹ́ńyà, láàárín 1998 sí 2000, Charlotte Neumann àti ẹgbẹ́ rẹ̀ pín ilé-ẹ̀kọ́ 12 sí ọ̀nà mẹ́rin. Oúnjẹ tí wọ́n fún àwọn ọmọ ni githeri, àgbàdo tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ẹ̀wà, tó jọ àdàlù wa. Ẹgbẹ́ kan rí ẹran lílọ̀ nínú tirẹ̀, ẹgbẹ́ kejì rí wàrà mu sí i, òróró ni wọ́n fi kún ti ẹgbẹ́ kẹta, ẹgbẹ́ kẹrin kò gba nǹkan kan. Àwọn tó jẹ ẹran ló tẹ̀ síwájú jù nínú ìdánwò ìrònú, àwọn ló ń sáré jù ní pápá, àwọn ló sì máa ń ṣíwájú ẹgbẹ́ nínú eré. Fítámì B12 gòkè lára àwọn tó jẹ ẹran àti àwọn tó mu wàrà. Fítámì yìí ni kò sí ewé, iṣu tàbí hóró kan tó lè fún wa. Àdàlù dára. Àdàlù tí ẹran díẹ̀ wà nínú rẹ̀ dára jù ú lọ fún ọmọ tó ń dàgbà.

Ní Ecuador ní 2015, Lora Iannotti àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn ọmọ oṣù 6 sí 9 ní ẹyin kan lójúmọ́ fún oṣù mẹ́fà. Ọmọ tó kúrú ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ dín kù ní ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí wọ́n dán irú rẹ̀ wò ní Màláwì, kò yí ìdàgbà wọn padà bẹ́ẹ̀. Etí adágún ni àwọn ọmọ Màláwì wọ̀nyí ń gbé, ọ̀pọ̀ wọn ti ń jẹ ẹja tẹ́lẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èsì méjèèjì yìí ló sọ ohun tí àwọn oníwàásù orí fóònù kò sọ fún wa: ẹran ń ṣe oore ńlá fún ẹni tí kò ní in rárá, oore náà sì ń kéré sí i bí ó bá ṣe ń pọ̀ tó lábọ́.

Nítorí náà, kò yẹ kí gbogbo ilé máa jẹ abọ́ kan náà. Ọkùnrin ẹni ọdún 50 tó ń jókòó sí ọ́fíìsì látàárọ̀, tó ń gbé ẹran mẹ́fà lé ọkà, òun ló yẹ kó dín in kù, kó sì fi gbẹ̀gìrì àti ewédú kún un. Kó dín òkèlè náà kù bí àtọ̀gbẹ bá wà nílé wọn. Ẹran tó kúrò níwájú rẹ̀, àwọn tó nílò rẹ̀ wà láyìíká: aboyún, obìnrin tó ń fọ́mọ lọ́mú, ọmọdé, àti ìyá àgbà tí eyín rẹ̀ kò lè rún ẹran mọ́, tí iṣan ara rẹ̀ sì ń yọ́ lọ. Ẹ lọ̀ ọ́ fún un.

Kò dìgbà tí a bá pa màlúù. Ẹja ṣáwá gbígbẹ tí a gún sínú ògì lè ṣe iṣẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni edé. Wàrà tí àwọn ìyá Fúlàní ń gbé wọ ọjà, tí wọ́n fi ewé bomubómu mú dì, oúnjẹ pípé ni bí a bá dín in dáadáa. Pọ̀nmọ́ nìkan ni kí ẹ má gbójú lé. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹ́, ó dùn, èmi náà ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n awọ ni, purotéènì inú awọ kò sì ní tryptophan kankan. Ọmọ tó bá jẹ́ pé pọ̀nmọ́ nìkan ni ẹran rẹ̀, kò tíì jẹ ẹran.

Ẹ̀yin baálé ilé ní Bẹ́yẹrúnká, ní Mápó, ní Ọjà'ba, ní ibi gbogbo tí ọkà bá ti wà nílẹ̀ lálẹ́ òní, ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀ yín. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹran, ẹ gé e, kí ẹ gbé èyí tó rọ̀ jù síwájú ọmọ tó kéré jù nínú ilé.